Èsì: Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sísítà tó di yunifásítì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tó wà lọ́wọ́ àwọn sísítà l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí lè di yunifásítì. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní Baltimore l'Amẹ́ríkà. Ọdún 1873 ni àwọn sísítà ìjọ Àgùdà dá tiwọn sílẹ̀. Ní 1895 ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin kún un; àwọn mẹ́fà péré ló kọ́kọ́ gboyè, ní 1899. Orúkọ yunifásítì gan-an, ó di 2011: Notre Dame of Maryland University. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọdún 138! Ọmọ tèmi tó fi iná fóònù kàwé báàkì (ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì) lánàá, nígbà tí iná lọ, kò ní lè dúró dè é. Yunifásítì Abomey-Calavi, nílẹ̀ Benin níbí, ló ń wò.