Ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ ìpè láàárọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́. Ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀ ojú omi wa. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 ló wà nídìí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ó ń fa okùn rẹ̀ tó ogún ìgbà láàárọ̀ kó tó sítáàtì. Tó bá ti gbóná, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mẹkáníìkì kan ní ó ti kú, ká wá owó òmíràn. Ṣé lóòótọ́ ni? (Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń sítáàtì lẹ́ẹ̀kan tó bá ti gbóná kò tíì kú. Mo fura pé epo ni kì í tètè dé inú rẹ̀ láàárọ̀.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lára páìpù epo ni kí ọmọ yín kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kó tú ìdè afẹ́fẹ́ orí ìdérí táǹkì, kó gbé bọ́ọ̀lù náà nàró kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sókè, kó wá máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le gbagidi. Tó bá kọ̀ tí kò le, tàbí tó le tán tó tún rọ̀ kíá, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan tàbí kí fáàfù inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Epo á ti padà sínú táǹkì mọ́jú. Kó fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù náà, kó sì máa tẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá ń hó ni ó ti ń jò.

Tí bọ́ọ̀lù bá dára, ó ku ṣóòkì. Bẹntiróò kì í tètè di oru nínú òtútù, ara irin ló máa ń lẹ̀ mọ́, nítorí náà ni ṣóòkì ṣe ń dín afẹ́fẹ́ kù. Kó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kó fa ṣóòkì, kó fojú ara rẹ̀ rí i bóyá irin pẹlẹbẹ ẹnu kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, pa dé pátápátá. Ọkọ̀ kan tó ń lọ òkun ni mo ti rí i: ọwọ́ ṣóòkì ń jáde níta, ohunkóhun ò mì nínú, iyọ̀ ti jẹ ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó ni ín ti ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Ó dùn mí gan-an fún un.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó dá ṣóòkì padà sí ìdajì kó tó tún fà á. Bí kò bá dá a padà, epo á kún un, púlọ́ọ̀gì á tutù rinrin. Tó bá ti kún, kó ti ṣóòkì wọlé, kó ṣí tọ́rọ́tù, ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnnì sáré, díẹ̀, kó fà á bíi ìgbà mẹ́fà. Kó má sì sí iná ìdáná tàbí sìgá nítòsí o.

Àyàfi tí gbogbo èyí bá dára, tí okùn sì ń fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó dì í mú nínú, ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó.