Kí ló dé tí ọmọ tó ń lo oògùn HIV ṣì kúrú sí ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹ ní ọmọ yín ti pé ọdún 2, ó ti ń lo oògùn láti bí oṣù 6, ẹran ara ti ń yọ lára rẹ̀, àmọ́ kò ga. Ẹ má bọkàn jẹ́. Ìwọ̀n ara ló máa ń kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò tí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́. Gíga máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tó ní HIV, kódà tí ara rẹ̀ yá, nílò okun inú oúnjẹ tó fi ìdá 10 nínú 100 ju ti ọmọ mìíràn lọ. Èyí tó ń rù nílò ìdá 50 sí ìdá 100 nínú 100 lé e.

Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi téèpù yí apá rẹ̀ ká láàárín èjìká àti ìgúnpá láti wọ̀n ọ́n. Fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àìjẹunrekánú ti wọ̀ ọ́ lára gan-an nìyẹn, kì í ṣe ohun tá à ń fi dọ̀la.

Tó bá ń jẹun dáadáa síbẹ̀ tó ń rù, ẹ béèrè àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti èyí tó ń ka iye kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í ronú kàn ni pé ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn rẹ̀. Ọmọ tó ti fi kílò mélòó kan wúwo sí i lè ti dàgbà kọjá ìwọ̀n oògùn tó ń mu. Ẹ rí i pé wọ́n ń gbé e sórí ìwọ̀n nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lọ gba oògùn.