Ìbéèrè Yín Lórí Mọ́tò: Owó Àtúnṣe àti Owó Inṣọ́ráǹsì Lẹ́yìn Ìjàǹbá

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla ọdún 2010 ni mo ń wà. Láìpẹ́ yìí ni mo ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí i, mo tún pààrọ̀ gíá, ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì àti táyà mẹ́rin. Owó náà lé ní 2,000,000 náírà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo forí sọ ìdí ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Comprehensive ni mo ṣe, ìyẹn inṣọ́ráǹsì tó ń gbé òfò mọ́tò tèmi náà, 3,000,000 ni wọ́n sì kọ sínú ìwé pé mọ́tò náà tó. Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 2,400,000. Iléeṣẹ́ adójútòfò ní 1,296,000 ni àwọn máa san, torí pé 5,000,000 ni irú mọ́tò mi ń tà lọ́jà báyìí, àti pé owó ẹ́ńjìnnì tí mo rà kò kan àwọn. Mo fẹ́ kó gbogbo rísíìtì mi lọ bá wọn, kí n fi hàn pé mọ́tò mi ju 5,000,000 lọ. Ṣé ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ẹ kú ewu o, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó rísíìtì náà lọ. Bí ẹ bá fi hàn wọ́n pé mọ́tò yín ju 5,000,000 lọ, ńṣe ni owó tí wọ́n máa san yóò tún dín kù.

Bí wọ́n ṣe dé orí 1,296,000 nìyí. Mọ́tò tí wọ́n ní ó tó 5,000,000, ẹ ṣe inṣọ́ráǹsì 3,000,000 lé e lórí. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ lẹ sanwó fún, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún òfò náà ni àwọn náà gbà láti gbé: 1,440,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ excess, ìyẹn apá tí onímọ́tò máa ń fi ara rẹ̀ gbé. Ó hàn nínú ìṣirò wọn pé 10% ni tiyín, 144,000. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyẹn. Average ni wọ́n ń pe ìlànà yìí nínú ìwé inṣọ́ráǹsì. Bí ẹ bá wá fi rísíìtì sọ mọ́tò di 6,000,000, ìdajì òfò ni wọ́n máa gbé, 1,200,000, kí wọ́n tó tún yọ excess kúrò nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni iye tó wà nínú ìwé. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni owó mọ́tò fò sókè pẹ̀lú bí náírà ṣe jábọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tún ìwé wọn ṣe lọ́dọọdún lórí iye àtijọ́, kí owó tí wọ́n máa san má baà pọ̀. Àṣẹ NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ inṣọ́ráǹsì ní Nàìjíríà, ni pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín ní 5% iye mọ́tò. Lórí 3,000,000, ìyẹn jẹ́ 150,000. Lórí 5,000,000, 250,000 ni. Ká ní ẹ ti fi 100,000 tó wà láàárín méjèèjì kún un ni, 2,160,000 ni ì bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ó dùn wá láti sọ ọ́, àmọ́ 864,000 ni 100,000 yẹn gbà lọ́wọ́ yín.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí inṣọ́ráǹsì ń san ni ohun tó máa dá mọ́tò padà sí bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú ìjàǹbá. Ẹni tó bá fẹ́ ra Corolla 2010 ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa fi 2,000,000 kún owó rẹ̀ torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ.

Àmọ́ ẹ lè jà, ibi méjì sì ni ẹ ti lè jà á. Àkọ́kọ́, ẹ ka ìwé yín dáadáa, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ average wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tọ́ka sí ìlà tí wọ́n tẹ̀ lé. Èkejì, ẹ bi wọ́n pé irú Corolla wo ló ń tà ní 5,000,000. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi wé tiyín, wọn kò ṣe é dáadáa, torí èyí tí wọ́n ti wà ní Nàìjíríà fún ọdún mélòó kan kì í tà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gba iye ọjà sílẹ̀ nínú ìwé lọ́wọ́ oníṣòwò mọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọdún kan náà, irú ìlò kan náà. Bí wọ́n bá gbà pé 4,000,000 ni, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n máa gbé, 1,800,000. Bí ẹ bá yọ excess kúrò, ó ku 1,620,000.

Àwọn rísíìtì yẹn ní ibi tí wọ́n ti wúlò, ìyẹn ibi táyà àti ṣọ́ọ̀kì. Bí ìjàǹbá bá ba ohun tó ti gbó jẹ́, tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, iléeṣẹ́ lè ní kí onímọ́tò dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀, torí wọ́n ti sọ ọ́ di tuntun fún un. Ẹ yẹ ìṣirò wọn wò. Bí wọ́n bá yọ irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀kì tàbí táyà tó fọ́, rísíìtì tó ní déètì ni ẹ máa fi gbà á padà.

Ohun kan tún kù tí ẹ kò béèrè: nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ rà ní nọ́ńbà tirẹ̀, ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìwé mọ́tò àti ìwé inṣọ́ráǹsì. Bí ẹni tó wá yẹ òfò wò bá rí i pé wọn kò bára mu, ó lè dá gbogbo ìwé yín dúró. Ẹ mú rísíìtì ẹ́ńjìnnì náà lọ sí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò, kí wọ́n yí i padà, kí ẹ sì kọ̀wé sí adójútòfò yín.

Ẹ má fọwọ́ sí discharge voucher, ìyẹn ìwé tí wọ́n máa ń ní kí èèyàn fọwọ́ sí kí wọ́n tó sanwó, títí ẹ ó fi gba èsì lẹ́tà yín, torí ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i ti gbà pé ẹjọ́ parí nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ ẹjọ́ náà sí NAICOM, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà yín.

Ìbéèrè

Ṣé mo lè tún mọ́tò ṣe ná, kí n wá mú rísíìtì lọ sí inṣọ́ráǹsì? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Rárá o. Ohun tí wọn kò bá fojú rí, wọ́n lè kọ̀ láti san án. Ẹ ya fọ́tò kí wọ́n tó gbé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ kejì. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, ẹ fi tó adójútòfò létí kíákíá, kí ẹ sì ní kí mẹkáníìkì kọ iye àtúnṣe sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì pa wọ́n pọ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tó fọ́.

Bí rédíétọ̀ bá ń jò, ẹ má wa mọ́tò náà lọ sílé, bó ti wù kó súnmọ́ tó. Tí omi bá tán, ẹ́ńjìnnì á gbóná, tọ́ọ̀pù sìlíńdà á tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Adójútòfò á ní ìwà yín ló fa ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ, kí ẹ sì wo iye tí ìwé yín gbà fún owó wíwọ́ mọ́tò.

Nígbà míì, pánẹ́ẹ̀lì bítà máa ń tú iwájú mọ́tò kó tó rí i pé kọ́ńdẹ́ńsà AC ti fọ́ tàbí pé ṣáàsí ti tẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó nìyí. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ pe adójútòfò yín kí wọ́n tún wá yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó ra nǹkan kan.

Ìbéèrè

Third party, ìyẹn inṣọ́ráǹsì tó ń gbé òfò tí onímọ́tò bá fà fún ẹlòmíì nìkan, ni ẹni tó gbá mi ní. Kí ni mo lè rí gbà? — Òǹkàwé, Ìkòròdú

Ìdáhùn

Bó bá jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi, inṣọ́ráǹsì rẹ̀ ló máa tún mọ́tò yín ṣe. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, third party ọkọ̀ àdáni tí wọ́n ń san 15,000 fún máa ń gbé òfò dúkìá tó 3,000,000. Ẹ ya fọ́tò ìwé rẹ̀ àti nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ *565*11# láti mọ̀ bóyá ìwé náà wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn adójútòfò. Bó bá jẹ́ ayédèrú, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ máa bá ṣe ẹjọ́ owó náà. Bó bá sì jẹ́ ojúlówó, lẹ́tà, ìwé ọlọ́pàá, fọ́tò àti iye àtúnṣe lẹ máa kó lọ sí iléeṣẹ́ tó ṣe ìwé náà fún un. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé ẹ ti parí ọ̀rọ̀ láàárín ara yín, àyàfi tí owó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, torí ìwé yẹn náà ni wọ́n máa fi dá yín padà.