Èsì: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ilé-ẹ̀kọ́ rábì kù sí dẹ̀dẹ̀, àyà mi ń já

Àbúrò mi, o ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn rábì, aṣáájú ẹ̀sìn Júù, o sì ń bẹ̀rù pé Hébérù rẹ ò tíì dán mọ́rán. Ó yé mi. Èmi náà ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ tó ṣáájú tèmi ní New York.

Wọ́n gbé ojú ìwé kan síwájú mi látinú Talmud, ìwé òfin àti àríyànjiyàn àwọn rábì àtijọ́: Gemara, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwé náà gan-an, láàárín, àlàyé rábì Rashi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Tosafot, ìyẹn àlàyé àwọn rábì tó tẹ̀lé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìka mi ń gbọ̀n lórí ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo kàn ọ̀rọ̀ Árámáíkì kan tí n ò mọ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èyí ò yé mi." Rábì àgbà tó wà lápá ọ̀tún sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi, a sì ń kà á lọ. Hillel, ọlọ́gbọ́n Júù àtijọ́, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tójú ń tì kò lè kẹ́kọ̀ọ́. Má díbọ́n rárá.

Ìbéèrè tó le jù ni pé kí ló dé tó o fẹ́ di rábì. Má há ìdáhùn sórí. Sọ nípa aláìsàn tó o bẹ̀ wò, tàbí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ tó o bá jókòó nígbà shiva, ọjọ́ méje ọ̀fọ̀ àwọn Júù. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa Sábáàtì, bó o ṣe ń pa á mọ́ gan-an ni kó o sọ.

Ní ti pé o jẹ́ obìnrin, má jẹ́ kíyẹn dà ọ́ láàmú: obìnrin ni Sally Priesand, ó sì ti di rábì ní Hebrew Union College, ilé-ẹ̀kọ́ rábì kan ní Amẹ́ríkà, láti 1972.

Jẹun kó o tó jáde. Mú siddur, ìwé àdúrà tó o fi ń gbàdúrà lójoojúmọ́, dání. Wọ́n ní kí n ṣí tèmi.