Ẹ Bi Ẹnjinníà: Nọ́ńbà Amẹ́ríkà ni àbí ti Nàìjíríà?

Ìbéèrè: Bàbá Ẹnjinníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra bàálù kékeré kan, Cessna 172, ní Amẹ́ríkà, tòkunbọ̀ ni. Ìlọrin ni yóò máa sùn. Nàìjíríà ni mo ti gba ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ òfuurufú mi, n kò sì ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà. Alágbàtà ní kí n fi nọ́ńbà N, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ti Amẹ́ríkà, tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé kí n lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní San Marino, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, pé ibẹ̀ ló dáa jù. Èwo ni kí n ṣe?
*Ará Òkè-Fìà, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Alágbàtà yín sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà kì í fi N fún àlejò bíi tiyín. Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé kí ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ bá wọn di orúkọ bàálù mú, kí wọ́n máa sanwó fún un. Lórí ìwé, ilé-iṣẹ́ yẹn ló ni ín. Èmi ò fẹ́ ẹ. Kí n fowó mi ra nǹkan, kí n tún máa tọrọ àyè kí n tó tà á?

Ìyẹn ṣì kéré. Àdéhùn Chicago ọdún 1944, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ọkọ̀ òfuurufú, sọ pé ibi tí bàálù bá forúkọ sí ni ọmọ ibẹ̀, kò sì lè jẹ́ ọmọ ìlú méjì. Òfin ibẹ̀ ló ń sọ ẹni tó lè fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì Lycoming bàálù N kan rí, mo fọ̀ ọ́, mo tò ó padà, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ síwèé rẹ̀, torí àṣẹ Nàìjíríà ni tèmi. Òkèèrè ni wọ́n ti pe ẹni tó ní àṣẹ FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i, olówó bàálù san owó ọkọ̀ òun owó hòtẹ́ẹ̀lì. Àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni o. Ẹ̀yin náà, ẹ lè fi ìwé-àṣẹ Nàìjíríà wa bàálù N nílé níbí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá forí lé Kùtọnu, ti Amẹ́ríkà ni wọn yóò bi yín.

T7, nọ́ńbà ti San Marino, ńkọ́? Jẹ́ẹ̀tì àwọn olówó ńlá ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fìyẹn sílẹ̀.

5N, nọ́ńbà ti Nàìjíríà, ni kí ẹ gbà lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílé níbí. Kí ẹ tó sanwó tán, kí ẹni tó ń tà á yọ bàálù náà kúrò nínú ìwé FAA, kí ẹ̀rí rẹ̀ sì tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún kóòdù inú transponder, ẹ̀rọ tó ń fi bàálù hàn fún rédà, kọ, torí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pín tirẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tún wà tí iná kì í jó, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn án mọ́. Nọ́ńbà yín gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn á kun bàálù lọ́dà tuntun tán, wọn ò ní rántí irin yìí.

Tó bá jẹ́ owó kọ́sítọ́ọ̀mù ni alágbàtà ní kí ẹ fi N sá fún, ìwé ìgbà díẹ̀ ni bàálù òkèèrè fi ń wọlé, ó sì lọ́jọ́ tó ń parí. Ní 2024, kọ́sítọ́ọ̀mù pe àwọn oníbàálù aládàáni pé kí wọ́n wá fi ìwé wọn hàn. Ẹ ṣírò owó yẹn mọ́ iye tí ẹ ó fi rà á.