Ọmọ mi ń bì lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò rù: ṣé àìsàn ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Peckham ní London là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ní ààwẹ̀ lòun ń gbà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ìkòkò ìrẹsì á ti ṣófo. Tó bá jẹun tán, ilé ìwẹ̀ ló ń gbà lọ, á wá ṣí omi sílẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bì. Kò rù rárá. Ṣé àìsàn ni, àbí àṣà òyìnbó ló kó?

Ìdáhùn: Àìsàn ni, mà. Bulimia ni mo fura sí, ìyẹn àìsàn tí èèyàn fi ń jẹ àjẹjù, tó sì ń bì í kó má baà sanra; ọ̀pọ̀ tó ní in kì í sì í rù. Ẹ fẹ̀sọ̀ wo oríkèé ẹ̀yìn ìka ọwọ́ rẹ̀: tó bá ń ki ọwọ́ bọ ọ̀fun, eyín á máa ha ibẹ̀ títí awọ rẹ̀ á fi yi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lè wú. Èébì ń dín pọtásíọ̀mù, èròjà kan tí ọkàn nílò, kù nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló ń da lílù ọkàn rú. Tó bá dákú, tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Àṣà ń dá sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Tẹbí bá dé, "o mà ti sanra o" ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kí i, wọ́n á sì tún bu oúnjẹ kún tiẹ̀. Lórí fóònù, ẹni tó tín-ín-rín ni wọ́n ń yìn. Wọ́n fẹ́ràn ara tó kún ní Fiji, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, náà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè Nadroga ní 1995, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bi léèrè nílé ìwé tó ní òun ń bì kóun má baà sanra. Ní 1998, wọ́n ti lé ní 11 nínú 100.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà ìdílé yín, lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sọ ọ́ ṣàkó pé ó ń bì. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn oúnjẹ fún ọmọdé. Bí wọ́n bá ní ìwọ̀n rẹ̀ dára, ẹ má tìtorí ẹ̀ padà sílé: ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, kò gbà kí wọ́n fi ìwọ̀n nìkan pinnu.

Ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, torí ebi ọ̀sán ló ń di àjẹjù òru. Ẹ bẹ pásítọ̀ tàbí àlùfáà kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ìpápánu ẹ̀ẹ̀mejì, kó má ju wákàtí 4 lọ láàárín. Ẹ jẹun pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ di irun fún un, ẹ wo fíìmù, ẹ má sọ̀rọ̀ ara. Tó bá sì bì, ẹ má pariwo. Kó fi omi yọ ẹnu, kó má fọ eyín lójú ẹsẹ̀, torí omi kíkan (ásíìdì) inú èébì ti sọ ara eyín di rírọ̀.