Ẹ tètè gbé Màmá kúrò kí ìjì tó dé

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ ní wọ́n tó kíló 190, wọn kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, omi sì máa ń ya wọ àdúgbò yín ní Houston. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ lè dúró títí ìjọba á fi ní kí ẹ jáde. Rárá o, ẹ má dúró.

Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé ni mò ń ṣe níbí nígbà tí ìjì Harvey jà lóṣù kẹjọ ọdún 2017. Ìyá tí mò ń tọ́jú sanra tó Màmá yín. Ọmọ wọn pe àwọn adóòlà ẹ̀mí, ó kàn ní aláìsàn kan wà nílé. Ojú ń tì í láti sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ọkùnrin méjì ló gun ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ wá. Wọ́n wo ìyá, wọ́n wo ọkọ̀ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Omi ti dé kókósẹ̀ wa nínú pálọ̀. Iná ti lọ, fóòmù oníafẹ́fẹ́ tó ń lo iná ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nímú tí wọ́n bá ń sùn ti dákẹ́. Ìrọ̀rí la kó sẹ́yìn wọn kí àyà wọn lè ga, torí tí ẹ bá tẹ́ ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀ gbalaja, ikùn á ti àyà, èémí á há. Nígbà tí a tún pè, èmi ni mo gba fóònù. Mo sọ kíló, mo sọ bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ tó, mo ní kí wọ́n mú èèyàn mẹ́fà wá, ó kéré tán. Ọkọ̀ ńlá onítáyà gíga ló dé. Kúbùsù tó nípọn la fi wọ́ wọn dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò fa apá wọn.

Ẹ pe nọ́ńbà fóònù 2-1-1 báyìí, kí wọ́n kọ orúkọ Màmá sínú ìwé STEAR, ìyẹn ìwé tí ìpínlẹ̀ Texas ń kọ orúkọ àwọn tó máa nílò ìrànlọ́wọ́ nígbà àjálù sí, tòun ti ìwọ̀n wọn. Ìyẹn ò ní kí wọ́n wá dandan o. Ẹ bi ibi tí ẹ máa sá lọ bóyá wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ aláìsàn ò lè gbé ju kíló 136 lọ. Ẹ mú aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá, èyí tó bá apá Màmá mu, dání, torí èyí tó bá fún jù á purọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ga. Ẹ kó táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ púpọ̀ fún abẹ́ ọmú àti ibi tí ikùn ti ṣẹ́ po, ibẹ̀ ló ń tètè bó.

Ẹ wo ìdí tí mo fi ní kí ẹ má dúró: nígbà ìjì Katrina lọ́dún 2005, iná àti lífítì kú ní ilé ìwòsàn Memorial ní New Orleans. Ọkùnrin kan tó ju kíló 170 lọ wà lájà keje, ara rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀, ó jẹun àárọ̀. Wọn ò gbé e jáde láàyè.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ wọn ilẹ̀kùn yín lónìí, kí ẹ sọ iye tó jẹ́ fún mi.